Ṣé ìwé owó àjẹṣẹ́kù nílò EJB?

“Anti, EJB ni ká lò o. Owó olówó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.”

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Under G ló sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní ká bá àwọn gbé lẹ́jà wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. (EJB, ìyẹn Enterprise JavaBeans, ni apá èdè Java tí server ti ń bá ọ bójú tó iṣẹ́ ńlá inú ètò kọ̀ǹpútà.) Òǹtajà, tíṣà àti àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Mo bi í pé bí ẹnìkan bá san ẹ̀yáwó, ibo ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ? Ó ní inú PostgreSQL, database tí ètò wa ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Ibòmíràn ńkọ́? Ó wojú mi. “Kò sí, mà.”

Lójú tèmi, ó parí nìyẹn. Ibi tí EJB ti wúlò jù ni transaction (àwọn iṣẹ́ tó gbọdọ̀ wọlé pọ̀ tàbí kí wọ́n kùnà pọ̀) tó kan ibi méjì: database méjì, tàbí database kan àti kíù JMS (ìlà tí ìránṣẹ́ láàárín àwọn ètò Java ti ń dúró), tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọlé kí èkejì kùnà. Níbẹ̀, server Java bíi WildFly á fi JTA, ìlànà Java fún transaction, darí rẹ̀ fún ọ. Àmọ́ owó tí a yọ nínú ìfowópamọ́ láti fi dín ẹ̀yáwó kù, tábìlì méjì nínú database kan ṣoṣo ni. Commit kan (kí gbogbo rẹ̀ wọlé) tàbí rollback kan (kí gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn), ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó rò pé láìsí EJB, kò sí @Entity, àmì tó ń so kíláàsì Java mọ́ tábìlì database. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́: inú EJB 3.0, lọ́dún 2006, ni wọ́n ti bí JPA, ìlànà tó ni @Entity. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti lè dá rìn. Tomcat (server Java tí kò ní EJB) àti Hibernate (tó ń ṣe iṣẹ́ JPA) tó o. Ṣáájú ìgbà yẹn, tábìlì kan péré, wàá kọ interface méjì, kíláàsì bean, àti XML gbọọrọ. Èyí ni àwọn tó ń bú EJB ṣì ń bú. @Stateless, àmì EJB ti òde òní, kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni kí akọ̀wé méjì fọwọ́ kan àkáǹtì kan náà pọ̀. @Version, àmì JPA tó ń fi nọ́ńbà sọ bí àkọsílẹ̀ ṣe ń yí padà, ni mo fi sí i: ẹni tó bá pẹ́ dé yóò gba exception (ìkìlọ̀ àṣìṣe), kó tún un wò. Pípín èrè òpin ọdún, SQL (èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀) lásán ni mo kọ. Kí ni mo fẹ́ kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọ mẹ́mọ́rì fún? (Ẹ ṣáà rántí fi 1 kún kọ́lọ́mù version nínú UPDATE yẹn.)

Akọ̀wé àgbà wọn wá bi wá bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ lè máa dé bá ẹni tó bá sanwó. Ọmọ mi fò sókè: “Ibi kejì nìyẹn, Anti!” Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa gbé SMS kò ní bá wa wọ transaction. A ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sínú tábìlì kan, nínú commit kan náà pẹ̀lú owó, kí iṣẹ́ kékeré kan máa kó wọn lọ lẹ́yìn náà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, wọ́n á dúró dè é.

Ó ti gbà, àmọ́ ó ní EJB lòun máa fi ṣe project àṣekágbá òun. Mo ní kó máa bá a lọ, kó ṣáà wá RAM rẹ̀.