Ta ló ń gbẹ irun Mẹsí l'Ókè-Fìà?

Àárọ̀ Sátidé kan l'Ókè-Fìà, nílùú Òṣogbo, Bàbá Ṣadé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Mẹsí 230E rẹ̀, ó wọ́ wáyà láti ìdí jẹnẹrétọ̀, ó sì na hándi-dráyà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbẹ irun oníbàárà sínú ẹ́ńjìnnì. Ìyá àgbà kan tó ń lọ sọ́jà dúró, ó wò ó títí.

"Bàbá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ṣùkú lẹ fẹ́ dì fún un ni, àbí kọ́lẹ́sẹ̀?"

Orí ọkùnrin náà ò dàrú o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mẹsí yìí ti ń dójú tì í. Bó bá ti rìn bí ogún ìṣẹ́jú, pàápàá tí gosíló bá ká a mọ́ abẹ́ afárá Ọláìyá, á dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ láàárín fíìmù. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti là wọ́n lójú. Ọkọ̀ tí epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń fà, á kọ́, á já, kó tó kú. Èyí tí iná já mọ́ lọ́wọ́ kì í dágbére.

Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ò gbọ́ ìró fúẹ́ẹ̀lì páǹpù, ó ní páǹpù ti kú. Wọ́n ra tòkunbọ̀, ọkọ̀ tún kú. Páǹpù ò kúkú ṣẹ̀. Àmì tó ń wá láti ọ̀dọ̀ módù iná, ẹ̀rọ tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ni rilé páǹpù ọkọ̀ yìí (ìyẹn swíìṣì tó ń tan páǹpù) ń wò. Tí iná bá já, rilé á pa páǹpù fúnra rẹ̀ kí epo má baà máa tú lásán. Nínú ọkọ̀ tó bá ní rev counter, ìyẹn aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ì bá tú àṣírí: kó wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì. Ti Mẹsí ọlọ́yẹ́ yìí, aago gàgàrà ni wọ́n fi síbẹ̀. Gbogbo ohun tó lè sọ fún ọ kò ju iye wákàtí tó o ti fi dúró lọ.

Ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà l'Ọláìyá ló kọ́kọ́ dárúkọ módù, ìyẹn pátákó kékeré tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ọ̀rá omi tútù méjì lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ jí! Àwọn èèyàn hó yèè. Lọ́jọ́ kejì Bàbá ra módù tuntun, wọ́n tún gbàgbé láti fi gíríìsì funfun pa ìdí rẹ̀, èyí tó máa ń gbé ooru rẹ̀ lọ sára ọkọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ọláìyá. Ó kú.

Omi kọ́ ló jí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi dúró ni.

Ìdí nìyẹn tí rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí wọ́n pè, fi bèèrè dráyà: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa ta ooru sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè kú níṣojú wọn. Módù jẹ ooru ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò ṣe nǹkan kan. Kọ́ìlì tó ń sọ iná bátìrì di ńlá náà ò mira. Wọ́n yí i sí disitribútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, kò pé ìṣẹ́jú méjì, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Bàbá Ṣadé fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Wọ́n yára kí ó tó tutù. Gílóòbù kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí wọ́n kọ 15 sí tàn, iná bátìrì dé ibẹ̀ nìyẹn. Púlọ́ọ̀gì àpòjù tí wọ́n fi kan irin ẹ́ńjìnnì ò ta pàrà nígbà tí wọ́n sítáàtì. (Ẹ má fọwọ́ fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ nígbà tí irú ẹ́ńjìnnì yìí bá ń ṣiṣẹ́. Iná ibẹ̀ lè ju 20,000 fólítì lọ. Á gbá yín, á sì tún lè pa módù.) Wọ́n wá yọ wáyà aláwọ̀ ewé tó ti disitribútọ̀ wá sí módù, wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n. Bíi 600 óòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) ló yẹ kó kà. "1" ló gbé jáde lápá òsì, ìyẹn ni pé ọ̀nà ti já. Bó ṣe ń tutù, ó padà sí 610.

"Bàbá, ẹ fi ẹnu fa róbà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí," ni rewáyà wí.

Róbà tó ń fa afẹ́fẹ́ disitribútọ̀ ni. Tí wọ́n bá fà á, àwo inú rẹ̀ á yí díẹ̀, wáyà á sì tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá fà á: 1. Ó fi í sílẹ̀: 610. Ó tún fà á: 1. Ara wáyà náà ti gan, ó ti sán, kọ́pà tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ò ju fọ́nrán méjì lọ. Wáyà rírọ̀ ni wọ́n fi jó o padà, wọ́n fi í sílẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀, wọn ò sì pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì fún ara wọn, torí táímìnì, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, á ṣì.

Bàbá ṣì ń fa róbà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá àgbà ń ti ọjà bọ̀.

"Háà! Ẹ gbẹ irun ẹ̀ tán, ẹ tún wá ń mu ọmú ẹ̀?"