2025: Ọdún Tí Mo Fi Bébà Tẹ́ Ojú Irin

Ọdún ti ń parí lọ, oníkálùkù ti ń ṣírò ohun tó kó jọ. Èmi ń ka ojú irin tí mo tẹ́ láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí di oṣù Ọ̀pẹ yìí, kò sì sí. Ẹyọ irin kan báyìí, n kò kàn án mọ́ pákó. Síbẹ̀, látìgbà tí mo ti ń fi rélùwéè kékeré najú, n kò tíì rí ọdún tó dùn mọ́ mi tó èyí.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ: àwa kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin kékeré ni fàájì wa. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, bí ìyàwó mi ò tilẹ̀ tíì gbà bẹ́ẹ̀. A ó mú ibùdókọ̀ gidi, ilé rẹ̀, igi rẹ̀, òpó wáyà rẹ̀, a ó dín gbogbo rẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan náà, iná fóltì 12 á sì máa wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ìlú kékeré yẹn lápapọ̀ là ń pè ní layout.

Ìpàtẹ rélùwéè kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní oṣù Èrèlé mo ti Manchester lọ sí Glasgow, níbi Model Rail Scotland ní gbọ̀ngàn SEC. Láti ìgbà tí ìpàtẹ Warley ní NEC Birmingham ti kógbá sílé (Bélú 2023 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn), ọ̀nà àwa tí à ń gbé láàárín England ti jìn sí i. Ọdún yìí náà ló sì pé 200 ọdún tí wọ́n ṣí rélùwéè Stockton and Darlington, èyí tó kọ́kọ́ fi ẹ̀ńjìnnì eléèéfín ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, nítorí náà ibi gbogbo tí èèyàn bá yíjú sí, ẹ̀ńjìnnì ni. Ìpàtẹ ńlá dára fún ìran wíwò. Ọkọ̀ gígùn gbọọrọ á máa kọjá, ìró rẹ̀ á máa jáde láti inú ẹ̀rọ tí kò tó èékánná. Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Níwájú layout tó tóbi jù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọjá. Níwájú àwọn tí kò ju tábìlì lọ ni èrò ti ń dúró.

Èyí tó yí mi lọ́kàn padà kò sí ní Glasgow rárá. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ládùúgbò wa ni, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì àti kéèkì ní igun kan. Bàbá arúgbó kan gbé pákó kan kalẹ̀ tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Irin kan ṣoṣo ló wọlé, ó yà sí mẹ́ta, wágọ̀nù mẹ́jọ sì wà lórí wọn. Ó na káàdì sí ọmọbìnrin kékeré kan, ó ní kó fa márùn-ún yọ. Bí káàdì bá ṣe tẹ̀ léra ni ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ to wágọ̀nù márùn-ún náà. Ẹ̀ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ó ń fà, ó já ọ̀kan sílẹ̀ níhìn-ín, ó gbé méjì lọ́hùn-ún. Ìyá ọmọ náà ní kí wọ́n máa lọ, ọmọ kò dáhùn.

Inglenook Sidings lorúkọ eré yẹn, Alan Wright ló gbé e kalẹ̀. Irin tó gùn jù gba wágọ̀nù márùn-ún, méjì yòókù gba mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi tí ẹ̀ńjìnnì ti ń jáde gbọ́dọ̀ gba òun àti wágọ̀nù mẹ́ta péré, torí tí àyè bá ṣẹ́kù níbẹ̀, eré náà á rọrùn jù. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà to márùn-ún nínú mẹ́jọ jẹ́ 6,720, lórí pákó tó lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́! Ọjọ́ yẹn ni mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ojú irin tó yí yàrá po.

Ó wá ku ibi tí layout náà máa jẹ́. Ìyẹn ló gba ọ̀pọ̀ nínú ọdún mi. Ní gbogbo ìpàtẹ, England ló kún ilẹ̀, Jámánì díẹ̀, Amẹ́ríkà díẹ̀, Switzerland nítorí òkè. N kò bá wọn jà. Ilé baba wọn ni wọ́n ń kọ́. Èmi náà ní ti baba mi: ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, tó wọ Ìbàdàn ní 1901. Àmọ́ kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta rélùwéè Nàìjíríà nínú páálí.

Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ojú irin àtijọ́ wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà, ìyẹn mílímítà 1,067. Ti England jẹ́ 1,435. Ìwọ̀n OO tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò níhìn-ín dín nǹkan kù ní ìlọ́po 76.2, irin rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 16.5. Tí ẹ bá fi 76.2 sọ 16.5 di púpọ̀, 1,257 lẹ máa rí, kò sún mọ́ 1,435. Gbogbo ọkọ̀ OO tó wà ní England ń rìn lórí irin tó há jù! Ohun tó fà á ni pé ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹ̀ńjìnnì England kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù yòókù, mọ́tò ìgbà náà kò sì wọ inú rẹ̀. Wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ lójú, wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí wọ́n sùn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń tẹ́ irin tiwọn ní mílímítà 18.83. Kí Ọlọ́run fún wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ fi 16.5 kan náà sí ìlọ́po 64. Ó di 1,056. Mílímítà 11 ló kù kó pé 1,067, lórí layout ìyẹn kò tó ìdá márùn-ún mílímítà kan. Ìyẹn ni pé irin OO tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ilé iṣẹ́ Peco ń ṣe ní abúlé Beer ní Devon, irin Nàìjíríà ni, bí èèyàn bá ti lè kọ́ ọkọ̀ àti ilé tó bá a mu. Mo ṣe ìṣirò náà lórí ẹ̀yìn rìsíìtì, mo tún un ṣe, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ará New Zealand, Queensland àti South Africa ti mọ̀ tipẹ́, torí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni tiwọn náà. Sn3½ ni wọ́n ń pè é. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: ìlọ́po 64 yìí ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré onírin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di dánfó lọ́dọ̀ wa wà nínú wọn, ní owó pọ́ọ́kú. Ìgbà tí mo yàn ti ṣáájú dánfó ṣá o. Apá ìparí ọdún 1950 sí 1960 ni mo fẹ́, bọ́lẹ̀kájà ló sì tọ́ síwájú ibùdókọ̀ nígbà náà, ara pákó rẹ̀ á sì di iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹ̀ńjìnnì tí mo fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń pè ní River class, 2-8-2: ẹsẹ̀ méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín tó ń ṣiṣẹ́ ìfà, méjì lẹ́yìn. Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows wà lára àwọn tó kọ́ ọ lẹ́yìn ogun Hitler, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé mi. Mo lọ wò ó nígbà ooru. Ilé tuntun ló bo ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà, àmọ́ ilé bíríkì àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ṣì tò lẹ́sẹẹsẹ ní Vulcan Village. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ronú pé irin tó gbé àwọn àgbà wa lọ sí Òkè Ọya, láti àárín àwọn ilé wọ̀nyí ló ti jáde. Àwọn ará Tanganyika rí irú ẹ̀ńjìnnì náà, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ tiwọn bí ti Nàìjíríà. Ọ̀kan lára àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi, fọ́tò rẹ̀ ni mo fi ń yàwòrán báyìí.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon náà ni mo lọ lọ́dún yìí, ní Long Wittenham. Roye England ló dá a sílẹ̀, ọmọ Australia tó wá sí England ní 1925, tó rí i pé àwọn abúlé àtijọ́ tí òrùlé wọn jẹ́ koríko ń pòórá, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní kékeré, ilé kọ̀ọ̀kan, fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà sílé ni mo yọwọ́ nínú ibùdókọ̀ ńlá. Láti 2021 tí ọkọ̀ tuntun ti ń na Èkó sí Ìbàdàn lórí irin fífẹ̀, ta ló tún ń wo àwọn tẹ́ṣọ̀n kéékèèké orí irin àtijọ́? Mo yan Omi-Àdìó, tẹ́ṣọ̀n kékeré kan láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.

Ẹni tó wá sọ plan náà di nǹkan gidi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òṣogbo. Gáàdì rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn tán, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é ní tẹ́ṣọ̀n kékeré?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kọ́ ọ ni, sà. Ní kékeré.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé. Irin kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà ọkọ̀ méjì kò lè pàdé àfi ní tẹ́ṣọ̀n. Tí ọkọ̀ èrò bá ń bọ̀, ọkọ̀ ẹrù á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró. “A lè dúró débi tí a ó fi ro ẹ̀bà, ká jẹ ẹ́ tán, ká tún sùn.” Wọ́n ní ọkọ̀ gáàdì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, gáàdì kì í wà láàárín ẹrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo ti fi àwọn ẹlẹ́kọ sí i. Mo ní n kò tíì débẹ̀. “Tẹ́ṣọ̀n tí kò sí ẹlẹ́kọ, ṣé tẹ́ṣọ̀n nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ gáàdì yẹn ló ṣe mí lóore jù. Mo ti fi kún òfin Inglenook tèmi: bó ti wù kí káàdì tò, ọkọ̀ gáàdì á kẹ́yìn. Eré náà le sí i, ó sì wá dà bíi tilé.

Nínú yàrá kékeré lókè, tí kò gùn tó mítà mẹ́ta, mo tẹ́ bébà ara ògiri sílẹ̀. Ibùdókọ̀ tó gùn ní mítà 300 nílẹ̀ máa gba mítà 4.7 ní ìlọ́po 64, nítorí náà gígé ni. Peco máa ń fi àwòrán points rẹ̀, ibi tí irin ti ń yà, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo gé wọn, mo tò wọ́n, mo fi ọwọ́ ti wágọ̀nù gidi lórí bébà, mo sì ń pe “fàkàfíkì” sábẹ́ ètè nígbà tí kò sẹ́ni nílé. Mo lo XTrackCAD, ètò tí à ń fi ya ojú irin, lórí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀fẹ́ ni, ó dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í sọ fún èèyàn pé apá rẹ̀ ò ní tó igun. Ibi tí ọwọ́ kò bá sì tó ni ọkọ̀ máa ń yẹ̀ kúrò lójú irin.

Ohun tó kù lórí bébà náà rèé: irin tó ń kọjá, irin ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó gba ẹ̀ńjìnnì, wágọ̀nù márùn-ún àti ọkọ̀ gáàdì, irin méjì tó kú sí ẹnu ilé ẹrù níbi tí àpò kòkó á wà. Lápá òsì, lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi kòkó, irin á wọ ibi tí ojú òǹwòran kò dé, tí wọ́n ń pè ní fiddle yard. Ibẹ̀ ni Èkó mi àti Kánò mi, lórí pẹpẹ kan tí à ń fi ọwọ́ tì síwá sẹ́yìn.

Lórí iná, gbogbo èèyàn ní kí n ṣe DCC, níbi tí ẹ̀ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí à ń pè é bí ẹni ń pe fóònù. Ó dára fún ẹni tó ní ogún ẹ̀ńjìnnì. Fún méjì, iná lásán ti tó. Ní ti owó, ẹ̀ńjìnnì eléèéfín tuntun ti ń kọjá £200 ní ṣọ́ọ̀bù, n kò ra ọ̀kankan, inú ilé wa sì tutù.

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni màá gé pákó. Ọ̀rẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ 3D ti ṣèlérí láti tẹ ara wágọ̀nù jáde, a ó gbé e lé ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún OO. Ẹ̀ńjìnnì máa dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣòro. Ilé tẹ́ṣọ̀n ló ń dá mi dúró jù, ibẹ̀ sì ni mo ti ń wá ìrànlọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, tàbí tí ẹ dàgbà lójú irin láti Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn, ẹ bá mi tú àpótí fọ́tò. Omi-Àdìó ni mo fẹ́ jù, Ìlúgùn tàbí Olókèméjì náà á ṣe é. Ẹ má gé etí fọ́tò náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí: páànù, fèrèsé, àti ibi tí òrùlé bọ́ dé lórí pèpéle.