Ẹ má tíì tú u palẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí spọ́ọ̀tì káà àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń bi mí pé ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ ra spọ́ọ̀tì káà àtijọ́ kó sì tún un ṣe ti wá pọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ṣágámù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo yín sì ń bi mí ni ti ẹ́ńjìnì, ṣé á ṣì ṣiṣẹ́, ṣé kí n yọ ọ́ kí n gbé ti Toyota sí i. Ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ná jàre. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnì ló rọrùn jù. Bọ́ọ̀dì tó dógùn-ún ló ń jẹ owó, ohun tó sì ń pa iṣẹ́ yìí pátápátá ni kéèyàn tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e délé.

Ẹ wọ ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ máa rí ọkọ̀ kan ní kọ̀rọ̀ tí koríko ti bò, kò nílẹ̀kùn, kò ní síìtì. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá o, wọ́n kàn tú u ni. Wọ́n kó bóòtù sínú ọ̀rá, ọ̀rá já, ọmọ iṣẹ́ tó mọ ibi tó kó nǹkan sí ti gba fúrídọ̀mù ó ti bá tiẹ̀ lọ, ọlọ́kọ̀ ò rówó fún oṣù díẹ̀, kó tó padà dé àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti kó ìdajì ẹ̀ lọ. Ibi kan ni kẹ́ ẹ mú. Bíréèkì lẹ fẹ́ ṣe, ẹ tú bíréèkì, ẹ ṣe é tán, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ọkọ̀ tó wà lódindi, tówó bá tán lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ ṣì lè tì í sábẹ́ òrùlé, ẹ sì lè tà á fẹ́lòmíì. Òkìtì irin, ta ló fẹ́ rà á?

Èwo ni kéèyàn rà? MGB ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ò tíì ṣerú ẹ̀ rí. 1962 ló jáde, Abingdon nílùú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe é títí di 1980, iye tí wọ́n ṣe ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan ara ẹ̀ fi ṣì wà fún títà lọ́hùn-ún, kódà láti 1988 ni British Motor Heritage ti ń ṣe odindi bọ́ọ̀dì tuntun fún un. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ 1798cc, kabúrétọ̀ SU méjì ló gbé dání, kò sí kọ̀ǹpútà kankan, ohun tó bá ṣe é wàá fojú ara ẹ rí i. Àwọn bàbá wa míì tó lọ kọ́ lọ́yà tàbí àkáńtáǹtì ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà yẹn gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀ wálé, ìkan ṣì lè wà lábẹ́ igi máńgòrò nílé ẹbí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀. Datsun 240Z rẹwà jù ú lọ lójú tèmi, sílíńdà mẹ́fà, lítà 2.4, àmọ́ irin ẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń dógùn-ún bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ń lé e, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún ọkọ̀ kejì. Peugeot 504 coupé, èyí tí Pininfarina ṣe, ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ jọ ti 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, torí náà mẹkáníìkì wa mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n tí ìgbátí ẹ̀ tàbí iná iwájú ẹ̀ bá ti fọ́, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Ẹni tówó ẹ̀ ò tó nǹkan kan, kó lọ ra Ìjàpá Volkswagen kó fi kọ́ ọwọ́. Wọ́n á ní kì í ṣe spọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ní Ìjẹ̀bú tiwa yìí, ọ̀rọ̀ rírà gan-an fẹ́ kéèyàn farabalẹ̀, torí ọkọ̀ bàbá tó ti kú, ogún ni. Ọmọ tó ń gbélé á sọ fún ẹ pé òun ló ni ín, á gbowó, wàá gbé e lọ, wàá fi owó sí i, ọjọ́ tó bá wá ń dán gbinrin báyìí ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa ti Lọ́ńdọ̀nù pè pé ta ló ní kẹ́ ẹ ta ọkọ̀ Dádì. Mo ti rí èyí tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ni bàbá bí, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé, èyí tó wà lókè òkun kó fi ti ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí àgbà kan nínú ẹbí náà sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àwo irin kékeré ibẹ̀, kó bá ti inú pátíkúlà mu. Tí wọ́n bá ní pátíkúlà ti sọnù, ẹ má bá wọn jà, ẹ sọ pé ẹ máa padà wá tí wọ́n bá rí i. Bàbá Ìjẹ̀bú ló ni ọkọ̀ ọ̀hún, kì í sọ ìwé nù, inú àpótí kan ló máa wà.

Nǹkan kan tún wà tẹ́yin ọmọ ìsinsìnyí ò rò sí. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ máa wà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ FRSC àti ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kùn ún tán. Wíwà á náà yàtọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbé e gba ọ̀nà Mámù lọ sí Ìbàdàn, tí tírélà wà níwájú, ẹ ò ní rí ẹni tó ń bọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti yọ ìdajì ọkọ̀ sójú títì, torí náà ẹ máa tẹ̀ lé tírélà yẹn jẹ́jẹ́.

Ó yá, bọ́ọ̀dì. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan lọ́wọ́ lọ wò ó, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀dì fílà dí. MGB ò ní ṣáàsì lọ́tọ̀, bọ́ọ̀dì ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló gbé gbogbo ẹ̀ ró, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní sill ló sì dà bí òpó ilé fún un. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi ṣíkúrúdíráfà gún un wò, tó bá wọlé, ẹ ti mọ ibi tówó yín ń lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, tí àlàfo òkè ẹ̀ bá fún ju ti ìsàlẹ̀ lọ tàbí tó ń ha irin, ọkọ̀ yẹn ti ń tẹ̀ láàárín. Ẹ wo ẹ̀yìn síìtì náà, bátìrì síìsì fóòtù méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lára àwọn tó jáde ṣáájú nǹkan bí 1974, omi àti ásíìdì ti sábà máa ń jẹ àpótí wọn. Èyí tó ti wà lábẹ́ igi, ẹ wo ibi tí ewé ti ń kó jọ sísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ewé tó bá dí ojú omi níbẹ̀, inú ọkọ̀ lomi máa gbà, ilẹ̀ ọkọ̀ á ti lu.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà wa mọṣẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ fojú kéré wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn gáàsì kábáìdì ni wọ́n fi ń jó irin, ooru ẹ̀ sì pọ̀ jù fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ńṣe ló máa ká kò. Ẹ wá ẹni tó ní MIG, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń jó irin. Ẹni yòówù kẹ́ ẹ gbé e fún, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gé sill yẹn, ẹ rí i pé ó kọ́kọ́ fi irin dá ojú ilẹ̀kùn dúró lọ́tùn-ún lósì, kí ọkọ̀ sì jókòó lórí táyà tàbí lórí ohun tó tẹ́jú, kì í ṣe kó gbé imú ẹ̀ kọ́ jáàkì kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá gé e láìṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á wó sínú, wọ́n á jó o bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́ láéláé, ẹni tó jó o á wá máa sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú páírímà lásán wọ ìgbà òjò. Páírímà tó wọ́pọ̀ ń mumi, ìdógùn-ún á máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ ra ti epoxy, ó wọ́n díẹ̀, ẹ rà á.

Sípánà ńkọ́? Nọ́ọ̀tì MGB, íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Sípánà 13 tó wà lọ́wọ́ gbogbo mẹkáníìkì wa tóbi díẹ̀ fún nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì tó jẹ́ mìlímítà 12.7, ó máa wọ̀ ọ́n, ó máa dà bíi pé ó bá a mu, á sì yọ etí ẹ̀ dànù. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fi owó rà nìyẹn, sẹ́ẹ̀tì sípánà oníǹṣì, kó tó di pé ẹ ra ohunkóhun sára ọkọ̀ náà.

Bíréèkì la fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnì, torí ọkọ̀ tí ò ṣiṣẹ́ ò lè pa èèyàn. Èyí tó pẹ́ nínú MGB, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ẹ̀ ń gbà dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibì kan péré tó bá ti ń jò, kò sí bíréèkì mọ́ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí omi ń gbà, ẹ pààrọ̀ síìlì inú masítà àti ti ìdí táyà. Kí ẹnikẹ́ni má da ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tàbí hàìdíróólíìkì síbẹ̀ o, ó máa wú rọ́bà, gbogbo ẹ̀ á lẹ̀ pọ̀. Omi bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára ni kẹ́ ẹ rà.

Táyà tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ jù ú nù bó tilẹ̀ ń dán. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin ló ń parí ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé DOT lára táyà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, tòkunbọ̀ tí wọ́n bá sì gbé wá fún yín, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà. Tó bá jẹ́ wíìlì onísípóòkù, ẹ bá fọkanáísà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Nọ́ọ̀tì àárín ẹ̀ lápá ọ̀tún ọkọ̀, ọ̀tún la ń yí i sí kó tó tú, tòsì sì yàtọ̀, ẹni tí ò mọ̀ máa dúró lé e lórí pẹ̀lú páìpù títí nǹkan á fi kán.

Ẹ́ńjìnì wá kàn báyìí. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ wá fi sípánà yí ìdí púlì iwájú jẹ́jẹ́. Tó bá yí, ẹ dúpẹ́. Ẹ da epo àtijọ́ inú táńkì nù, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo sí èyí tí ọtí ò lè jẹ, ṣé ẹ rántí epo tó ní methanol nínú tó wọ Nàìjíríà níbẹ̀rẹ̀ 2022 tó ń ba ọkọ̀ àwọn èèyàn jẹ́, rọ́bà ayé ìgbà yẹn ò lè gba irú ẹ̀. Kabúrétọ̀ SU ní ibi tá a ń rọ ọ́ìlì sí lókè, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ò mọ̀, wọ́n á máa yí síkúrúù kiri nígbà tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló gbẹ.

Réwáyà, ẹ dúró tì í. MGB tó jáde ṣáájú ìparí 1967, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́ọ̀dì, kì í ṣe négétíìfù. Réwáyà tó ti ń ṣe Camry láti àárọ̀ á débẹ̀, á so ó bó ṣe mọ̀ ọ́n, rédíò àti ohunkóhun tuntun tẹ́ ẹ bá ti so mọ́ ọn lè jó kí ó tó ṣẹ́jú. Ẹ fi péńtì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ páàtì, ẹ má rìnrìn àjò lọ Ládípọ̀ pé ẹ fẹ́ ra páàtì MG, wọ́n á kàn wò yín. Ṣùgbọ́n bẹ́árìn ní nọ́ńbà lára, ọ́ìlì síìlì ní ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ta bẹ́árìn lásán lè ní in. Ìyókù, kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò ní ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rà á sínú báàgì tó bá ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, kó má ra èyí tó wúwo o.

Iléyá yẹn gan-an ló máa ń fa wàhálà. Gbogbo yín lẹ fẹ́ gbé e jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ẹgbẹ́ yín wọ aṣọ kan náà, kẹ́ ẹ ká orí ọkọ̀ sílẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó kùn ún kí wọ́n tó ṣe bíréèkì nítorí ọjọ́ kan yìí, èrò inú Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà sì ni ibi tó burú jù tẹ́ ẹ lè gbé ọkọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì dán wò lọ, kò rìn, kò dúró, òòrùn ń mú u lórí. Á hó. Mẹkáníìkì á sì sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ tàmósítáàtì, ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnì tó bá ti gbóná, dànù, wọ́n ti fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ ọ́ jù. Ẹ fọ inú rédíétọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì fáànù, tàmósítáàtì náà ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, kẹ́ ẹ máa wò ó bí omi bá ṣe ń gbóná. Ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ti ṣí wà lára ẹ̀, 82°C ló wọ́pọ̀, ti ilẹ̀ olóoru bíi tiwa jẹ́ 74. Tó bá ṣí, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Tí omi bá hó tí ò ṣí, ẹ ra òmíì, kì í wọ́n.