Ẹ̀yìn olobe lábẹ́ máíkírósíkópù

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn jọjọ lónìí! Ọjà Jagun, nílùú wa Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti ra ẹ̀yìn olobe tá a fẹ́ dán wò sí òkúta inú kíndìnrín. Màmá ẹlẹ́wé ọmọ ní, "Ọmọ mi, ewé táwọn bàbá wa ti ń lò, kí lẹ tún ń yẹ̀ wò?" Mo ní, "Màmá, ìwọ̀n tó yẹ la fẹ́ mọ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an."

Èròjà kan tó ń jẹ́ calcium oxalate ló pọ̀ jù nínú òkúta yìí. Ká lè rí bó ṣe ń dì, a da kẹ́míkà méjì, calcium chloride àti sodium oxalate, pọ̀ nínú ife gíláàsì, kíá ló funfun bí omi ògì. Mo wá fojú sí máíkírósíkópù. Èyí tí kò ní àgbo ẹ̀yìn olobe: àwọn wóró calcium oxalate inú rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, wọ́n lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́ bí ohun tó fẹ́ di òkúta. Èyí tá a bu àgbo sí: wẹ́wẹ́, kálukú wà láyè ọ̀tọ̀. Mo pariwo!

Ṣùgbọ́n ife gíláàsì kì í ṣe ara èèyàn o. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ni kó gbà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa gbé àgbo yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ potassium citrate, oògùn táwọn dókítà máa ń kọ fún aláìsàn tó ní òkúta inú kíndìnrín.