Ìdá Mélòó, Nínú Kí Ni?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa ìṣèjọba ní California, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlú tàbí ti ìdìbò, ìbéèrè kan wà tó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Lọ́dún tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú kékeré kan ní gúúsù California, wọ́n dìbò lórí owó orí ọjà tí wọ́n fẹ́ fi tún títì ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí èsì: ìdá 63 nínú 100 ló fọwọ́ sí i. Inú mi dùn, mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé owó títì ti wọlé. Wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ìdá mélòó ló yẹ kó ní?" N kò mọ̀. Èrò mi ni pé ohun tí ìbò rẹ̀ bá ti ju ìdajì lọ ti borí. Owó títì kò wọlé rárá, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n kéde irọ́ fún aráàlú.

Ohun tí wọ́n là yé mi nìyí. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá gbé owó orí wá tó máa bọ́ sí àpò ìlú lápapọ̀, tí wọ́n lè ná sí ohunkóhun, ó ti tó bí ìbò tó gbè é bá ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé títì nìkan, tàbí ọlọ́pàá nìkan, ni owó náà wà fún, àfi ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìlérí tó ṣe kedere fún aráàlú ni òfin gbé ẹrù tó wúwo jù lé lórí. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ọdún 1978 ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Howard Jarvis àti Paul Gann ló ṣáájú Proposition 13, àbá òfin tí gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀ náà dìbò lé lórí, tó so owó orí ilé àti ilẹ̀ mọ́ ìdá 1 nínú 100 iye ohun ìní, tó sì mú ìdá méjì nínú mẹ́ta fún irú owó orí yìí wọ inú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun tó bí i: owó orí ilé ń gòkè débi pé àwọn arúgbó ń bẹ̀rù pé ilé máa bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìbò tó gbé e wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 65 nínú 100. Ká ní òfin tó gbé ka àwọn ẹlòmíràn lórí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kò ní wọlé. Ní 1996, Proposition 218 wá fi ìyàtọ̀ láàárín owó orí méjèèjì yìí sínú ìwé òfin.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí ìdá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo owó ọkọ̀ èrò ní káúńtì Los Angeles. Ní 2008, Measure R (Measure ni wọ́n ń pe àbá tí ìlú tàbí káúńtì dìbò lé lórí) rí nǹkan bí ìdá 68, ó wọlé. Ní 2012, Measure J tó fẹ́ fa ọdún owó náà gùn rí ìdá 66.1. Ó já, nítorí ohun tí kò tó ìdá kan nínú 100. Ní 2016, Measure M rí ìdá 71. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni kan tó kọ̀ lágbára tó ẹni méjì tó gbà. Ó yẹ kó nira láti bu owó lé aráàlú, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá 55 tí wọ́n ń lò fún gbèsè kíkọ́ ilé ìwé láti ọdún 2000 bójú mu lójú tèmi. Àwọn olùdìbò kò gbà pẹ̀lú mi: Proposition 5 tó fẹ́ mú u dé orí gbèsè ilé gbígbé àti iṣẹ́ ìlú já ní 2024.

Ẹ tún máa béèrè ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California ti dá ẹjọ́ ìlú Upland ní 2017, àwọn ilé ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ti ń sọ pé bó bá jẹ́ aráàlú ló buwọ́ lùwé gbé owó orí wá fúnra wọn, ó ti tó bó bá ju ìdajì lọ. Ìdí nìyẹn tí Measure A, owó àwọn aláìnílé ní káúńtì Los Angeles, fi wọlé ní 2024 pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 57, nígbà tó jẹ́ pé Measure H tí ìgbìmọ̀ káúńtì gbé wá fún ọ̀rọ̀ kan náà ní 2017 nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ó rí 69.

Ìbéèrè kan náà ló wà nídìí pípe ẹni tí a dìbò yàn padà, ìyẹn yíyọ ọ́ nípò kí sáà rẹ̀ tó parí. Fún gómìnà California, ìbuwọ́lùwé ìdá 12 nínú 100 ni, ṣùgbọ́n nínú ìbò tí wọ́n dì fún ipò náà kẹ́yìn, kì í ṣe nínú iye orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Fún ẹni tí wọ́n dìbò yàn sí ìjọba ìlú tàbí káúńtì níbi tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ bá ti tó 100,000, ìdá 10 nínú orúkọ wọ̀nyẹn ni. Lẹ́yìn náà, àwọn tó bá jáde dìbò ló ń pinnu: wọ́n yọ gómìnà Gray Davis ní 2003, wọ́n fi Gavin Newsom sílẹ̀ ní 2021.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣiṣẹ́ nídìí ìbuwọ́lùwé, ẹ rántí George Gascón, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba káúńtì Los Angeles nígbà kan. Ní 2022, àwọn tó fẹ́ pè é padà kó ìbuwọ́lùwé 715,833 wá. 566,857 ni wọ́n nílò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, 520,050 péré ló dúró. Àwọn kan kò forúkọ sílẹ̀, àwọn kan buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kabba ló mú mi padà sí ti ilé wa. Wọ́n béèrè ìdí tí pípe sẹ́nétọ̀ wọn nígbà náà, Dino Melaye, padà fi já ní 2018. Mo ka abala 69 ìwé òfin Nàìjíríà fún wọn lórí fóònù. Kì í ṣe ìdajì àwọn tó dìbò: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́kùn náà lọ, bí ìbò bá sì dé, ohun tó ju ìdajì gbogbo wọn lọ ló tún gbọ́dọ̀ gbà. Nínú 351,146 tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Kogi, àjọ INEC rí 18,742 péré tí ìbuwọ́lùwé wọn dúró. Ní 2025, àwọn tó fẹ́ pe sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan padà ní Àárín Gbùngbùn Kogi kó 208,132 jọ nínú 474,554. Kò tó. Ká ní òfin tí California ń lò fún ìlú àti káúńtì ni, 47,456 ti tó láti mú ìbò wá. Bẹ́ẹ̀ ní ìbò ààrẹ 2023 ní Nàìjíríà, àwọn tó jáde kò tó ìdá 30 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ta ló wá lè yí i padà?" Mo dá wọn lóhùn pé abala 9 sọ ọ́: ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ní ilé aṣojú, lẹ́yìn náà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 fọwọ́ sí i. Sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojú 240 ni, àwọn gan-an tí abala 69 wà fún láti pè padà.