Ọjọ́ tí mo kúrò lẹ́yìn ọlọ́kadà

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Iṣáì.

Ọwọ́ ọ̀tún mi kò tíì balẹ̀. Mo di bírò mú, ó ń gbọ̀n; mo di ife tíì mú, ó ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí a ti kírun Alásárì tán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú ni mo fi di iná máṣíìnì mú (ibi tí wọ́n ń yí kó lè sáré), ọwọ́ náà kò sì tíì gbà pé a ti sọ̀ kalẹ̀. Mo gun máṣíìnì lónìí. Èmi ni mo jókòó síwájú.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn yìí mọ̀ pé èrò ẹ̀yìn ni mí. Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà lójú ọ̀nà Adó-Àwáyè, kò sì sí bí mo ṣe lè débẹ̀ láàárọ̀ bí n kò bá dúró ní oríta kí n máa na ọwọ́ sí ọlọ́kadà. Iṣẹ́ ni jíjókòó lẹ́yìn náà, mo sì ti gbọ́n nínú rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó nígbà tí ènìyàn bá ró ìró, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n ká ẹsẹ̀ sókè nínú ẹrẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra" láìbínú sí ẹni tí ẹ̀mí ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpá sàlẹ́ńsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, lókè ọrùn ẹsẹ̀, bó ṣe wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni mo ti ń wo ọ̀nà yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí: kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, òógùn ọrùn rẹ̀, àti ojú ọ̀run díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni máṣíìnì tí mo fi kọ́. Bajaj Boxer ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú rẹ̀. Sùúrùlérè ló ti ń fi í ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kó lọ sí àwọn àdúgbò tí òfin náà kò dé. Òun ní ìyà Èkó ti tó òun. Ó di máṣíìnì rẹ̀ sórí bọ́ọ̀sì, ó padà sílé. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún mi pé owó tí mò ń san fún ọ̀kadà lóṣù ju owó epo tí màá rà lọ bí mo bá ní tèmi.

Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ owó kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìlara ni. Nọ́ọ̀sì kan máa ń kọjá lójú ọ̀nà wa láàárọ̀, òun nìkan lórí máṣíìnì, aṣọ funfun, báàgì lẹ́yìn, kò wo ẹnikẹ́ni. Èmi á wà ní oríta, èmi àti ọlọ́kadà á máa dúnàá-dúrà lórí owó. Mo ti wò ó títí ó fi sú mi.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni àbúrò mi mú mi lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìkángun kejì dá eré dúró láti wò wá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Kíá ni àbúrò mi di ọ̀gá. Ẹ ò bá wá wo bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́: ó ń pariwo mọ́ mi, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má fún un níná! Àǹtí mi! Ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní kẹ́ ẹ má fún un níná!"

"Ṣé èmi lò ń jágbe mọ́ báyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ má fún un níná."

Ọwọ́ òsì ló ni kílọ́ọ̀ṣì (irin tí wọ́n ń fún bí wọ́n bá fẹ́ yí gíà), ọwọ́ ọ̀tún ló ni iná àti bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ òsì ló ni gíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ni bíréèkì ẹ̀yìn. Oníkálùkù ló gba iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tó lè bá èkejì ṣe é. Ó ní kí n tẹ gíà kan, kí n wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tú u, máṣíìnì ta pọ́ńkán, ẹ́ńjìnnì kú. Ó ń kú bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kà á.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni pé ibì kan wà láàárín kílọ́ọ̀ṣì, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, níbi tó ti ń mú. Kó o tó débẹ̀, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Tó o bá sáré kọjá ibẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an lo ti máa gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀, tí gbogbo irin tó wà lábẹ́ rẹ á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á máa dúró dè ọ́. Ìyá tó bá ti sọ ọmọ tó ń sùn kalẹ̀ láti ẹ̀yìn sórí ẹní rí, tí kò fẹ́ kó jí, ó mọ irú ọwọ́ tí mò ń sọ. Ọwọ́ yẹn ni mo padà fi tú u.

Máṣíìnì gbéra. Èmi náà gbéra.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lábẹ́ mi láìjẹ́ pé mo gbé ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi fún bí ìgbà tí ènìyàn fi ń sín, ẹ̀rù sì gbé mi. Mo dín iná kù. Bí mo ṣe dín in kù ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó fẹ́ dà mí nù. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, mò ń fi wọ́n wọ́ iyanrìn. Àbúrò mi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sálúbàtà rẹ̀ kan ti bọ́.

"Ẹ fún un níná! Iná ni! Iná ló máa gbé e dúró!"

Ẹni tó ní kí n má fún un níná lẹ́ẹ̀kan nìyẹn o. Mo yí ọwọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mímì náà tán. Máṣíìnì nà tọ́nàtọ́nà, ó wá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbé ẹsẹ̀ sórí irin, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan ń pariwo nínú pápá náà. Èmi ni.

Wọ́n fi rọra tọ́ mi dàgbà ni. Rọra jẹun, rọra sọ̀rọ̀, rọra rìn, obìnrin ni ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ń rò ó bí mo ṣe ń yí pápá náà ká: máṣíìnì gba òwe yìí, ọwọ́ ló kàn fẹ́ kí ẹ̀sọ̀ náà wà. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ iná, ìka tó wà lórí bíréèkì. Ìrìn tirẹ̀ ní láti yá. Ẹ̀rù ló ń mú ni rọra, rírọra jù ló sì ń gbé ni ṣubú.

Nígbà tí mo délé mo wádìí rẹ̀ lórí fóònù. Mo ti máa ń rò pé yíyí tí táyà ń yí nìkan ló ń gbé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì dúró. Ní 2011, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Delft ní Netherlands àti Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ mìíràn tó ń yí sẹ́yìn sí i lára, kí agbára yíyí náà lè pa ara wọn rẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tì í kó yá tó, ó ń dá dúró láìsí ẹni lórí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣubú sápá kan, iwájú rẹ̀ á yà sápá yẹn, táyà á sì sáré bọ́ sábẹ́ ibi tó ń ṣubú sí. Kó tó lè sáré bá a, ó gbọ́dọ̀ ti máa yá. Ohun tí àbúrò mi, tó máa ń sá fún kíláàsì Físíìsì, ti fi sálúbàtà kan sọ nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni mo ti kà nípa ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ irú ìgbádùn yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1885, Paul, ọmọ Gottlieb Daimler, gun máṣíìnì tí bàbá rẹ̀ àti Wilhelm Maybach fi igi ṣe ní Jámánì, láti Cannstatt lọ sí Untertürkheim. Wọ́n fi àgbá kéékèèké méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìjókòó, wọ́n sì ní ìjókòó náà gbiná lójú ọ̀nà. Èmi wá ń ráhùn nípa àpá sàlẹ́ńsà!

Nígbà tí mo ti mọ gíà kejì àti ìkẹta (etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké jù, gíà tuntun ló ń bèèrè, bó bá ń kùn tó ń gbọ̀n, dá a padà), àbúrò mi yá máṣíìnì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ó gbé akoto tirẹ̀ dé mi lórí ìbòrí. Akoto náà ń rùn. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé e, tí àwọn kan lọ gbé igbá dérí, tí àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, tí èrò sì ń sá fún akoto nítorí wọ́n ní oògùn lè wà nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà títí ikùn fi ń dùn wá. Lónìí mo ní kó fà á mọ́ mi lágbọ̀n dáadáa.

Àdúgbò àwọn aláṣọ òkè la gbà. Ẹni tó bá ti dé Ìsẹ́yìn mọ bó ṣe rí: àwọn ahunṣọ jókòó nídìí òfì, òwú wọn nà gbọọrọ síwájú lórí ilẹ̀, òkúta jókòó lórí pákó tó di ìdí òwú náà mú kó lè le. Láti ìgbà tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá, òwú wọ̀nyí kò kàn mí. Lónìí mo rí òkúta kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rọra o! Òwú wa o!"

Ojú mi fẹ́ lẹ̀ mọ́ òwú pupa kan tó yọ síta. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti kìlọ̀ nípa èyí ní pápá: ibi tí ẹ bá ń wò ni táyà ń lọ, bẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò lẹ máa wà. Mo gbé ojú kúrò lórí òwú, mo fi wo àlàfo tó wà láàárín pákó àti gọ́tà. Máṣíìnì gba inú àlàfo náà. N kò ṣe ohun kan ju kí n wò ó lọ. Orí mi wú, mi ò lè parọ́.

Lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn, ọ̀nà là gbàragàdà. Mo tẹ gíà kẹrin. Atẹ́gùn wọ inú apá ẹ̀wù mi, ó kún un. Òórùn ewéko tí wọ́n ń sun dé, ó lọ; òórùn láfún dé, ó lọ. Kòkòrò kan kọlu eyín mi nítorí pé ẹnu mi là sílẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín, èmi nìkan. Níwájú díẹ̀ ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ń wúwo, mo dá gíà padà sí ìkẹta, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òkè ni à ń gùn. Òkè! Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀, mo rò pé ó tẹ́jú. Àwọn ọlọ́kadà ti ń fi mí gun òkè yẹn láti ọjọ́ yìí wá, èmi ń fóònù lẹ́yìn wọn.

Bí mo bá fẹ́ yá, mo yá. Lókè náà mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dúró, kò sì sídìí tí mo fi dúró. Ẹnikẹ́ni kò fapá jánú, ẹnikẹ́ni kò ní "àǹtí, mo ń kánjú o". Àbúrò mi yí padà wá bá mi. Ó béèrè bóyá epo ló tán. Mo ní rárá, mo kàn dúró ni.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé.

"Ìwọ lo gùn ún bọ̀?"

"Èmi ni, Màámi."

Wọn kò wò mí mọ́, àbúrò mi ni wọ́n yíjú sí. "Ó dáa. Bó bá ṣubú, ìwọ ni màá bi."

Iṣẹ́ ṣì kù. Láìsẹ́ǹsì kíláàsì A ni ti máṣíìnì, mo sì gbọ́dọ̀ gbà á kí n tó gun nǹkan kan lọ síbi iṣẹ́. N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí iyanrìn. Àbúrò mi ní bí mo bá fún bíréèkì ọwọ́ pa lórí iyanrìn, ilẹ̀ ni màá bá ara mi. Kò sì tíì gbà kí n gbé èrò. Àmọ́ ìròyìn ti dé ilé kejì ṣáájú wa, kí n tó bọ́ akoto ni Ìyá Ìbejì ti yọjú láti ojú fèrèsé.

"Ọjọ́bọ̀ ni wàá gbé mi lọ sọ́jà."

"Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ná, mà."

"Ta ló ní o ò mọ̀ ọ́n? Mo rí ẹ bó o ṣe ń bọ̀."

"Bí mo bá gbé yín ṣubú ńkọ́?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n náà ti gbé mi ṣubú rí. Aago méje àárọ̀ o, má pẹ́."