Ẹ rọra yọ sílíǹgì asbestos ilé àtijọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Sílíǹgì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fà ya. Ní Ìjẹ̀bú-Òde o, ní Ṣàgámù o, ilé àtijọ́ tí kò ní asbestos (páálí líle tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti okùn òkúta ṣe) lórí kò wọ́pọ̀.

Àwọn bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó tàn wọ́n jẹ ni pé eruku rẹ̀ kì í ta ni bí ata, kò sì ń rùn. Okùn tín-ín-rín tí ojú ò lè rí ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jẹrà níbẹ̀. Ó lè tó 20 sí 40 ọdún kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tàbí kí jẹjẹrẹ yọjú. Ta ló máa wá rántí ayùn tí káfíńtà fi rẹ́ asbestos nígbà yẹn? Ọyẹ́ ni wọ́n ń dá lẹ́bi, tàbí ikọ́ fée.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ti hàn sáwọn kan tipẹ́. Lọ́dún 1924, Nellie Kershaw tó ń rànwú asbestos ní Rochdale, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú. Wọ́n rí asbestos nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin lórí eruku rẹ̀ ní 1931, síbẹ̀ ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de gbogbo rẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kàn án mọ́ àjà wa.

Bí tiyín bá ṣì le, tí kò là, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ má fi sáǹdípépà yún un.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ pa iná láti ìdí mítà, kẹ́ ẹ kó ẹrù àtọmọdé jáde. Ẹ po ṣíbí ọṣẹ olómi méjì mọ́ 20 lítà omi. Omi lásán á kàn ṣàn lọ ni, ọṣẹ ló ń jẹ́ kó wọnú. Páǹpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn kòkó dáa fún un, bẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ẹ fọ́n ọn bí ìrì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún fọ́n ọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé káfíńtà á fi òòlù gbá a látìsàlẹ̀. Á já lulẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́. Bẹ́ ẹ bá wo etí àfọ́kù náà, ẹ lè rí nǹkan tó yọ síta bí irun funfun: okùn asbestos tó ṣù pọ̀ nìyẹn. Ìṣó ni kẹ́ ẹ fi pínsá yọ, kí ẹni méjì gbé odindi páálí sọ̀kalẹ̀. Ìbòmú aṣọ ti ìgbà kòrónà ò ran ìyẹn. FFP3, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku tín-ín-rín, ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Àkísà tútù ni, kí àkísà náà sì bá páálí wọnú ọ̀rá líle onípele méjì. Ẹ bi àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ibi tẹ́ ẹ máa rì í sí. Àfọ́kù rẹ̀ kò ṣeé fi dí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ o: táyà mọ́tò á lọ̀ ọ́ kúnná.

Ẹ̀yin bàbá káfíńtà tẹ́ ẹ ti rẹ́ ẹ rí, bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà nítorí ikọ́, ẹ dárúkọ asbestos fún un kó tó bi yín. Bẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Sìgá pẹ̀lú asbestos ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ gidigidi.